Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ara Yín Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Kí Ẹlòmíràn Tó Wá Yín

“Báwo ló ṣe rí nọ́ńbà mi?” Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí. Olùkọ́ ti bi mí, ìyá tó ń ta epo ti bi mí, àbúrò mi tó wà ní Peckham pàápàá pè mí lórí ẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà pé ọmọ Yahoo kan ló já wọnú fóònù wọn. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni mí, nǹkan wíwá ni mo fi ń jẹun. Bí a bá jọ jókòó wò ó, ohun tí a sábà máa ń bá ni pé ẹnikẹ́ni ò já ibì kankan wọ̀. Gbangba ni nọ́ńbà náà wà. Ẹni tó mọ nǹkan wá ló wá a, ó sì rí i.

Torí náà, kí ẹ tó pààrọ̀ fóònù, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wá ara yín bí àlejò tí kò fẹ́ràn yín yóò ṣe wá yín. Iṣẹ́ bíi wákàtí méjì ni. Bó bá jẹ́ pé láti yunifásítì lẹ ti ń lo Facebook, ẹ fi wákàtí kan kún un.

## Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá rí i yá. Fóònù lè ṣe é, àmọ́ ojú á dùn yín.
- Ìwé àti bírò. Mo mọ̀ pé áàpù wà fún un. Ẹ lo ìwé. Àkọsílẹ̀ ibi tí àṣírí yín wà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó sínú fóònù tí ọmọ fi ń ṣeré.
- Gbogbo orúkọ tí ẹ ti jẹ́ rí: ti ilé, ti ilé-ìwé, ti ilé ọkọ, ìnagijẹ.
- Gbogbo nọ́ńbà àti ímeèlì tí ẹ ti lò rí, títí kan SIM tó ti sọnù.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe tẹ NIN, BVN, nọ́ńbà káàdì báńkì tàbí pásíwọ́ọ̀dù sínú àpótí ìwákiri láti wò ó bóyá ó ti jáde síta. Àwọn kan máa ń ṣe é. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti gbé e fún ẹlòmíràn nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ohun tí àwọn èèyàn wá lórí ẹ̀rọ wọn síta fún àwọn olùṣèwádìí. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oníròyìn New York Times ti kan ilẹ̀kùn opó kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ohun tó ti ń wá ló júwe rẹ̀: ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ń kú tipiri, ajá tó ń tọ̀ káàkiri ilé, àwọn tó ń tún ọgbà ṣe nílùú rẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà.

Ní ti àwa, bí ẹ bá yá ìwé lórí àìsàn kan lọ́wọ́ wa, a ò ní sọ fún ọkọ yín. Láti 1939 ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ wọn pé ọ̀rọ̀ oníbàárà, àṣírí ni. Àpótí ìwákiri ò bá yín mulẹ̀ bẹ́ẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín

Ní Chrome, ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ mú “New Incognito window” (“New Incognito tab” lórí fóònù). Bí ẹ bá wà nínú àkáǹtì yín, Google mọ̀ yín, á sì máa to èsì sílẹ̀ bó ṣe mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ. Ohun tí àjèjì máa rí lẹ fẹ́ rí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn sọ Incognito di àféèrí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní tọ́jú ìtàn ibi tí ẹ lọ sórí fóònù yín, ó tán. Iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín àti Wi-Fi ibi iṣẹ́ ṣì lè mọ ojú òpó tí ẹ yà sí. Lọ́dún 2024, láti parí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Google gbà láti pa ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ rẹ́, èyí tí wọ́n ti kó jọ lára àwọn tó rò pé inú òkùnkùn làwọn wà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ orúkọ yín ní gbogbo ọ̀nà tó ń gbà jáde

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí náà sì lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Ní ilé-ìkàwé, bí òǹkọ̀wé kan bá kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, a máa ń so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan kí ẹni tó wá ìwé má baà pàdánù. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ní bá yín so wọ́n. Ká ní Lágbájá Tàmẹ̀dò lẹ̀ ń jẹ́, ẹ kọ gbogbo ìwọ̀nyí sórí ìwé:

1. Láìsí àmì: Lagbaja Tamedo.
2. Pẹ̀lú àmì: Lágbájá Tàmẹ̀dò.
3. Orúkọ ìdílé ṣáájú: Tamedo Lagbaja. Bí àkọsílẹ̀ ìgbaniwọlé àti èsì ìdánwò ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà máa ń sá pamọ́ sí.
4. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan: L. Tamedo.
5. Ibi tí Ṣ bá wà, ẹ kọ Sh àti S: Ṣọlá, Shola, Sola.
6. Gígé àti gígùn: Olúwaṣeun, Olúṣeun, Ṣeun.
7. Orúkọ ilé bàbá fún ẹni tó ti lọ sílé ọkọ, àti méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ̀yin àti èmi lè tẹ “ẹ”, kí ojú má rí ìyàtọ̀ kankan, kó sì jẹ́ pé nínú kọ̀ǹpútà, ẹyọ lẹ́tà kan ni tiyín, tèmi jẹ́ “e” tí wọ́n wá so àmì mọ́ nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń lo ilà kékeré tó dúró ṣánṣán dípò àmì roboto. Google sábà máa ń fojú fo ìyàtọ̀ yìí. Àpótí ìwákiri inú PDF àti ti ojú òpó ilé-ìwé kékeré kì í sábà fojú fò ó: á ní òun ò rí yín, bẹ́ẹ̀ ẹ wà lójú ewé kẹta. Àwọn fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ǹtì Yorùbá ayé ọjọ́un tẹ̀ tún burú jù. Ọgbọ́n tí mò ń dá ni pé mo máa ń ṣe kọ́pì ọ̀rọ̀ kan tó ní àmì láti inú PDF náà, màá lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Bó bá di wúruwùru, mo mọ̀ pé ojú ara mi ni màá fi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bí orúkọ yín bá sì wọ́pọ̀, ẹ fi ìlú tàbí ibi iṣẹ́ kún un. Ẹni tó bá tẹ “owo” lásán mọ ohun tí mò ń sọ: owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ àti ìlú Ọ̀wọ̀ ni yóò jọ dà lé e lórí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá a bí ẹni tó mọṣẹ́

Ẹ tẹ̀ wọ́n báyìí gẹ́lẹ́:

- "Lagbaja Tamedo" : àmì ẹnu méjèèjì ń sọ pé kí ọ̀rọ̀ méjì náà tẹ̀lé ara wọn.
- "Lagbaja Tamedo" Ibadan
- "Lagbaja Tamedo" -football : bí ẹnì kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá ń jẹ́ orúkọ yín. Àmì ìyọkúrò gbọ́dọ̀ fara kan ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e.
- "Tamedo Lagbaja" filetype:pdf : fáìlì PDF nìkan ni á mú wá.
- "Tamedo Lagbaja" filetype:xlsx : fáìlì Excel nìkan.
- "Lagbaja Tamedo" site:edu.ng, lẹ́yìn náà site:gov.ng, lẹ́yìn náà site:facebook.com : inú ojú òpó tí ẹ bá dárúkọ nìkan ni á ti wá a.

Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn àmì kólọ́ọ̀nù. “site: edu.ng” ò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ ó sì rò pé ara yín mọ́.

Bí ẹ bá ní sùúrù fún ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, ẹ mú filetype:pdf. Òun ló mú èmi náà. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́, mo fi orúkọ ara mi ṣe àpẹẹrẹ lójú gbogbo wọn, ni àkọsílẹ̀ àwọn tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan bá yọ: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi san owó ọkọ̀ fún wa. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó gbé e síta. Ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn ní, “Sà, ṣé nọ́ńbà yín nìyẹn?” Kíláàsì fẹ̀rín sí i.

Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lórí Bing. DuckDuckGo náà dáa, kì í tọ́jú ohun tí ẹ bá wá, àmọ́ ọ̀dọ̀ Bing ló ti ń kó ọ̀pọ̀ èsì rẹ̀, torí náà bí àyè ò bá sí, Google àti Bing ti tó.

## Ìgbésẹ̀ 4: Nọ́ńbà àti ímeèlì

Ẹ wá nọ́ńbà nínú àmì ẹnu bó ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, àti bí èèyàn ṣe ń fi àyè sáàárín rẹ̀. Níbo ló ti sábà máa ń yọ? Káàdì ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n fi nọ́ńbà àwọn alága sí nísàlẹ̀. Fíríìjì àlòkù tí ẹ polówó lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. CV tí ẹ gbé sórí ojú òpó iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé.

Truecaller, áàpù tó ń sọ orúkọ ẹni tó ń pè, ńkọ́? Ẹ lè má lò ó rárá kó sì mọ̀ yín, nítorí orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn fi yín pamọ́ sí nínú fóònù wọn ló lè gbé jáde: “Ìyá Bùkọ́lá Aláṣọ Iwájú Ṣọ́ọ̀ṣì”. Ìnagijẹ, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ní àkáǹtì níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tì í pa, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ojú ewé “Unlist” wọn kí ẹ yọ nọ́ńbà yín.

Fún ímeèlì, ẹ lọ sí Have I Been Pwned, tí Troy Hunt ará Australia dá sílẹ̀ lọ́dún 2013. Ẹ tẹ ímeèlì yín, á sọ ojú òpó tí wọ́n ti jí i kó. Bó bá yọ, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ibẹ̀ àti ti gbogbo ibi tí ẹ bá ti lo irú rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Fọ́tò

Màmá kan tó ń ta aṣọ òkè wá bá mi ní káńtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi wo nǹkan yìí. Èmi rèé, àbí? Mi ò ta ìpara rí láyé mi o.”

“Ẹ jókòó ná, mà.”

Òun ni lóòótọ́, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ omi aró, lórí ìkànnì ẹnì kan tó ń ta ìpara abóra. Ohun tí a ṣe nìyí:

1. A fi fọ́tò náà pamọ́ sórí fóònù.
2. A ṣí Google, a tẹ àmì kámẹ́rà tó wà nínú àpótí ìwákiri (Google Lens nìyẹn), a gbé fọ́tò náà sí i.
3. A fa igun rẹ̀ kó mú ojú àti gèlè nìkan. Ọ̀rọ̀ ìpolówó tí wọ́n kọ sórí fọ́tò máa ń ṣi ẹ̀rọ lọ́nà.
4. A tún un ṣe lórí TinEye. Lens dáa fún ohun tó jọ ohun. TinEye dáa fún fọ́tò yẹn gan-an, bí wọ́n tilẹ̀ gé e.

Ibi mẹ́ta ló yọ. Ìkẹta ni orísun: ìkànnì ayàwòrán tó yàwòrán níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá, tó sì da gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà síta fún tolórí tẹlẹ́mù. A pè é. Ó tọrọ àforíjì, ó sì yọ ọ́ kó tó di alẹ́. Oníìpara gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì ká tó ṣẹ́gun rẹ̀. Bí ẹ ó ṣe fẹjọ́ irú rẹ̀ sùn ni kí ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lórí ìkànnì náà, kí ẹ mú “Report”, kí ẹ sì ní kí ọmọ àti ìbátan náà ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí fóònù tiwọn.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ rí, ẹ kọ líǹkì, ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó gbé e síbẹ̀ àti ọjọ́. Ẹ ya ojú kọ̀ǹpútà náà kí àdírẹ́sì òkè hàn. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá, ẹni tó ti pa á rẹ́ kò ní ohun tó máa fi hàn.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi ojú ewé náà pamọ́ sí Wayback Machine, ojú òpó tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ewé. Ẹ má dán an wò. Ẹ̀dà kejì tí gbogbo ayé lè kà lẹ ń fi ọwọ́ ara yín ṣe yẹn.

## Mímú un kúrò

Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe tò yìí:

1. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ìpolówó àtijọ́, CV, ìkànnì tí ẹ ti gbàgbé.
2. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ pè é. Ẹ má lọ bínú sí i nísàlẹ̀ fọ́tò náà, torí bí èsì bá ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ ni yóò ṣe máa yọ sójú àwọn ẹlòmíràn.
3. Ilé-ìwé, ẹgbẹ́, iléeṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú: líǹkì náà, ohun tó jẹ́ tiyín níbẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ, ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ dárúkọ Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ohun tí wọn ò nílò mọ́ rẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin náà. Ẹni tó wà ní Britain lè retí èsì láàárín oṣù kan, kó sì lọ sọ́dọ̀ ICO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà níbẹ̀, bí kò bá rí i.
4. Google, lẹ́yìn gbogbo èyí. Google dà bíi káàdì kátálọ́ọ̀gù wa: bí ẹ bá ya káàdì, ìwé ṣì wà lórí pẹpẹ. Bí ojú ewé bá ti kúrò àmọ́ tó ṣì ń yọ lórí Google, ẹ lo “Refresh Outdated Content”. Bí kò bá tíì kúrò, fọ́ọ̀mù wọn wà fún nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àti àwòrán ìbuwọ́lùwé.

Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó, òun á “pa á rẹ́ pátápátá lórí íntánẹ́ẹ̀tì”, ẹ bi í bóyá òun ló ni íntánẹ́ẹ̀tì.

## Títi ilẹ̀kùn

Facebook. Nínú “Settings”, ẹ wá “How people find and contact you”. Ẹ fi nọ́ńbà àti ímeèlì sí “Only me”, kí ẹ sì pa èyí tó ń jẹ́ kí Google rí ìkànnì yín. “Limit past posts” á ti gbogbo ohun àtijọ́ mọ́ àárín ọ̀rẹ́. Àwòrán ńlá tó wà lókè ìkànnì kò ṣeé tì, torí náà ẹ má fi fọ́tò ọmọ nínú aṣọ ilé-ìwé síbẹ̀.

WhatsApp.
- “Privacy”: fọ́tò sí “My contacts”, “Groups” náà bẹ́ẹ̀.
- “Two-step verification”: ẹ tan án. Nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, bó jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà ló bèèrè.
- “Linked devices”: bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀, ẹ yọ ọ́.
- Líǹkì ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ gbangba lè dé orí Google. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2020. “Reset link” ló ń sọ ti tẹ́lẹ̀ di òfo.

Google. Ní myactivity.google.com, ẹ ní kó máa pa ohun tí ẹ wá rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3. Oṣù 18 àti 36 náà wà níbẹ̀, mi ò rí ohun tí ẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Kámẹ́rà. Ẹ pa “Location” rẹ̀. WhatsApp máa ń yọ àmì ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi “Document” kó má baà ṣú, àmì náà bá a lọ.

Áàpù ayánilówó. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google ò gbà kí irú áàpù yìí tó wà lórí Play Store kó orúkọ àti fọ́tò inú fóònù mọ́. Bí wọ́n bá wá fi líǹkì ránṣẹ́ pé kí ẹ gba tiwọn wọlé láti ibòmíràn, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń wá.

## Àwọn àṣìṣe tó ń yọ wá lẹ́nu jù

Àwa Yorùbá fẹ́ràn kíkí. Bí ọjọ́ ìbí bá dé, a ó kọ orúkọ, oríkì, ọjọ́, ọdún, ilé bàbá ìyá, ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni báńkì náà ń bèèrè “orúkọ ìdílé ìyá yín” láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ kí i o, àmọ́ ẹ yọ ọdún kúrò, kí ẹ sì kọ irọ́ sí ìdáhùn ìbéèrè báńkì yẹn, irọ́ tí ẹ ò ní gbàgbé. Ọ̀kan lára àwọn oníbàárà mi kọ “Àmàlà”.

Nọ́ńbà àkáǹtì owó aṣọ ẹbí náà, inú ẹgbẹ́ ni kó mọ.

SIM tí ẹ ti jù nù, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ímeèlì àti báńkì yín. Wọ́n máa ń ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn.

## Bí kò bá kúrò ńkọ́?

Ẹ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé kan tàbí méjì tí ẹ̀yin fúnra yín ń darí, LinkedIn tàbí ORCID fún ẹni tó ń ṣèwádìí, kí ẹ fi orúkọ kíkún síbẹ̀, kí àwọn wọ̀nyẹn máa yọ ṣáájú. Bí nọ́ńbà bá ti bàjẹ́ jù, ẹ ya SIM kan sọ́tọ̀ fún ọjà àti ìpolówó, kí ti báńkì dá wà.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún wá ara yín sórí kàlẹ́ńdà, oṣù mẹ́fà sí i. Tèmi bọ́ sí oṣù yìí. Àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, lójú ewé kejì Google báyìí. Lẹ́tà mi kẹta lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé.